Ilẹ̀ Ìlú, Owó Àlejò: Àríwísí Lórí Old Course Ní St Andrews

Ní ọdún 2025, àlejò tó bá fẹ́ gbá gọ́ọ̀fù lórí Old Course ní ìlú St Andrews, ní Skọ́tlándì, ní ìgbà tí ojú ọjọ́ dára, yóò san £340. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wí o: ihò 18, bíi wákàtí mẹ́rin, kí ó sì jáde. Tí a bá ṣírò pọ́n-ùn kan sí 2,000 náírà, owó náà jẹ́ 680,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹ pín in wò. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́sàn-án lọ, kò ní jẹun, kò ní wọkọ̀, kò ní san owó ilé, kí ó tó rí owó ọjọ́ kan péré san. A kò tíì sọ ti ọkọ̀ òfuurufú. A kò tíì sọ ti físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ £127 ní ọdún 2025 kan náà, tí wọn kì í sì í dá padà bí wọ́n bá kọ̀ fún èèyàn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Wọn á ní kí ló kan ọmọ SS2 nínú ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù, ṣé eré àwọn ọ̀gá kọ́? Ó kàn mí nítorí pé àbúrò màmá mi ọkùnrin jẹ́ kádì. Kádì ni ẹni tó ń gbé àpò ọ̀pá fún ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù, tó ń ṣọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí, tó sì ń sọ fún ọ̀gá pé ọ̀pá báyìí ni kí ẹ mú. Ó ti lo ọdún 14 lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní àwọn ọjọ́ Ajé tí kílọ́ọ̀bù bá gbà wọ́n láyè, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa gbá tiwọn, àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń gbé àpò fún sì mọ̀ nínú ara wọn pé ó mọ̀ ọ́n gbá ju àwọn lọ. Kò dé Skọ́tlándì rí, ṣùgbọ́n ó mọ Old Course bí ẹni mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀. Yóò sọ fún yín ibi tí kòtò yanrìn tí wọ́n ń pè ní Hell wà ní ihò kẹrìnlá, àti ìdí tí ihò kẹtàdínlógún, Road Hole, fi ń ba àwọn ògbóǹtarìgì lẹ́rù. Orí tẹlifíṣọ̀n ló ti kọ́ gbogbo rẹ̀. Bí a bá bi í léèrè ohun kan ṣoṣo tó wù ú láyé, kò ní sọ mọ́tò, kò ní sọ ilé.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ yẹ ètò owó pápá yẹn wò, bí a ṣe ń yẹ ìwé ìtàn-àròsọ wò ní kíláàsì: ibi tó dára, ibi tó kù díẹ̀ káàtó, àti ibi tí òǹkọ̀wé ti mọ̀ọ́mọ̀ gbójú fò.

Ibi tó dára ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ó pọ̀, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Ilẹ̀ tí Old Course wà kì í ṣe ti olówó kankan. Ilẹ̀ ìlú ni. Ní ọdún 1552, bíṣọ́ọ̀bù àgbà John Hamilton fọwọ́ sí ìwé kan tó sọ pé àwọn ará ìlú St Andrews ní ẹ̀tọ́ láti gbá gọ́ọ̀fù àti láti ṣe àwọn eré mìíràn lórí ilẹ̀ yanrìn etí òkun yẹn. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìwé yẹn kan náà ló fún bíṣọ́ọ̀bù láyè láti máa sin ehoro níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ehoro yìí ló padà di wàhálà. Ní ọdún 1797 gbèsè wọ ìlú náà lọ́rùn, ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn oníṣòwò ehoro sì gbà á. Ehoro wá ń gbẹ́ ihò tiwọn káàkiri àárín ihò gọ́ọ̀fù. Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù àti àwọn tó ń sin ehoro bá ara wọn fà á fún ọdún tó lé ní 20, wọ́n bá ara wọn dé kóòtù, kí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Cheape tó ra ilẹ̀ náà ní 1821, tó sì fi í sílẹ̀ fún gọ́ọ̀fù. Ní 1894, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tí ìlú fi rà á padà. Ní 1974, òfin mìíràn dá àjọ St Andrews Links Trust sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Àjọ yìí kò ní onípìn-ín kankan tó ń retí èrè ní ìparí ọdún. Ohun tó bá wọlé, orí ilẹ̀ náà àti iṣẹ́ ibẹ̀ ló ń padà sí.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọn kì í gbá gọ́ọ̀fù lórí Old Course, àfi bí ìdíje ńlá bá bọ́ sí i. Ilẹ̀ ń sinmi. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé lọ́jọ́ yẹn: ẹni tó fẹ́ rìn, ẹni tó mú ajá rẹ̀ dání, ìyá tó gbé oúnjẹ àti ọmọ wá jókòó sórí koríko, àlejò tó fẹ́ ya fọ́tò lórí afárá òkúta kékeré Swilcan tí gbogbo ayé mọ̀. Kọ́bọ̀ kan wọn ò gbà. Mo rò ó pé ibi tí wọ́n ti gba ìdíje Open ní ìgbà 30 títí di 2022, tí wọ́n tún fẹ́ gbà á ní 2027, ni ọmọ ìlú kan ti lè máa jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Èmi kò mọ pápá bọ́ọ̀lù ńlá kan láyé tó ń ṣe irú rẹ̀.

Ọmọ ìlú tó bá fẹ́ gbá gọ́ọ̀fù náà ní tirẹ̀. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn bíi mélòó kan ló ń san fún ọdún kan gbáko, tí yóò sì máa gbá lórí àwọn pápá tó wà níbẹ̀. Èyí tọ́ lójú mi. Àwọn baba ńlá wọn ló jà fún ilẹ̀ náà, àwọn ni afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ lù ní oṣù kìíní ọdún. Ẹni tó ni ìyàwó kọ́ ni yóò máa san owó orí ìyàwó lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn ẹlòmíràn, kí a má baà dá St Andrews nìkan lẹ́bi. Ní Kalifọ́níà, pápá kan wà tí wọ́n ń pè ní Pebble Beach, etí òkun náà ló wà. Owó ibẹ̀ ti kọjá $600 fún ẹni kan. Owó yẹn nìkan kọ́ ló sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dájú pé òun ní ààyè gbọ́dọ̀ gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì tí àwọn fúnra wọn ni. Ẹni tí kò bá sùn níbẹ̀ yóò dúró di ìgbà tó bá ku ọjọ́ kan, kí ó tó béèrè bóyá nǹkan ṣẹ́ kù. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn lọ ra ẹ̀kọ, tí wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ ra ìkòkò.

Augusta National ní Jọ́jíà ní tirẹ̀ kì í ta á rárá. Kò sí iye tí àlejò lè kó wá. Ọmọ ẹgbẹ́ tàbí ẹni tí ọmọ ẹgbẹ́ pè nìkan ló ń gbá níbẹ̀. Títí di ọdún 1975, kò sí ènìyàn dúdú kan tó tíì kópa nínú ìdíje Masters tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Lee Elder ni ẹni àkọ́kọ́, ó sì yẹ kí àwa ọmọ Nàìjíríà mọ orúkọ rẹ̀, torí ọkùnrin yìí ló gba ife-ẹ̀yẹ Nigerian Open ní 1971. Kádì ni òun náà nígbà èwe rẹ̀. Ọdún 1990 ni wọ́n tó gba ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́, ó sì di 2012 kí wọ́n tó gba obìnrin. Bí mo ṣe ń bínú sí £340 tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé ó ṣì sàn ju ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Bethpage Black, ní ìpínlẹ̀ New York. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín, ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba sì ni. Wọ́n ti gba ìdíje US Open níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní 2002 àti 2009, wọ́n sì gba Ryder Cup níbẹ̀ ní 2025. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 2010, ọmọ ìpínlẹ̀ náà ń san $65 lọ́jọ́ iṣẹ́, àlejò sì ń san ìlọ́po méjì, $130. Àwọn èèyàn a máa gbé mọ́tò wọn lọ síbẹ̀ lálẹ́, wọ́n á sùn sínú rẹ̀ mọ́jú kí wọ́n lè rí ààyè. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń kìlọ̀ pé pápá náà le gan-an, pé ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa nìkan ni àwọn ń gbà níyànjú láti wọ ibẹ̀. Ìkìlọ̀ nípa ọgbọ́n ọwọ́ ni, kì í ṣe nípa àpò owó. Mo fẹ́ràn pátákó yẹn gan-an.

Ó yá, mo padà sí St Andrews. Bí àlejò ṣe ń rí ààyè ni pé wọ́n ń ṣẹ́ kèké. Tí ó bá ku ọjọ́ méjì, àwọn tó fẹ́ gbá á fi orúkọ sílẹ̀ ní méjì-méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé mẹ́rin, kọ̀ǹpútà á mú àwọn tó bá mú. Ẹni tó bá dá wá tẹ́lẹ̀ máa ń lọ tò láti òru lẹ́nu ọ̀nà. Láti 2024 ni wọ́n ti ṣe kèké tiwọn lọ́tọ̀: ẹni náà á fara hàn ní St Andrews fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú, á fi orúkọ sílẹ̀, á sì máa retí. Ètò yìí dára púpọ̀. Agbẹjọ́rò ni o, lébìrà ni o, kèké kò mọ̀ ọ́n.

Kèké kò mọ olówó, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tó ṣáájú kèké mọ̀ ọ́n dáadáa. Ibí yìí ni àríwísí mi wà.

Nígbà tí mo sọ fún olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé wa pé mo fẹ́ kọ àròkọ yìí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò le: ohun tí èèyàn púpọ̀ ń wá, tí kò sì tó, ó gbọ́dọ̀ wọ́n. Wọ́n fi ọjà tòmátì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣe àpẹẹrẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ yẹn kò bá ti St Andrews mu. Lọ́jà, owó ló ń pín tòmátì: ẹni tí kò bá ní tó, á bá tirẹ̀ lọ, tòmátì á sì kárí àwọn tó kù. Ní St Andrews, kèké ni wọ́n fi ń pín ààyè. Àní lẹ́yìn £340 náà, àwọn tó ń wá a ṣì pọ̀ ju ààyè lọ, kèké náà ló sì ń yanjú rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ pínpín ti bọ́ lọ́rùn owó. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún owó náà ni kí ó wọlé, kí wọ́n fi tọ́jú koríko, kí wọ́n fi san owó òṣìṣẹ́, kí ọmọ ìlú má baà san púpọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sí ohun tó ní kí gbogbo àlejò san iye kan náà.

Ètò náà mọ irú ènìyàn méjì péré: ọmọ ìlú àti àlejò. Nínú ọ̀rọ̀ àlejò yẹn, wọ́n ti di oníṣòwò epo tó fi bàálù ara rẹ̀ wá, tíṣà tó fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú owó, àti àbúrò màmá mi pọ̀ sínú àpò kan. Apá kan àwọn ààyè náà tilẹ̀ wà tí kò dé ibi kèké rárá: àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìrìn-àjò, tí àjọ náà fún láṣẹ, ń tà á pọ̀ mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ní iye tó ju £340 lọ dáadáa. Ìyẹn ni pé wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àlejò kì í ṣe ẹ̀yà kan. Wọ́n ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún èyí tó lè san jù. Ti èyí tí kò lè san tó, wọn kò ya nǹkan kan.

Ohun mìíràn tún wà tí mo rò pé ó burú ju owó lọ, tí èèyàn kì í sì í sọ. Wọ́n máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí handicap kí èèyàn tó gbá lórí Old Course. Nọ́ńbà tó ń fi hàn bí ẹnì kan ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó ni handicap. Wọ́n ní ìdí, torí ẹni tí kò mọ nǹkan kan yóò há gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀bù ni èèyàn sábà máa ń ti rí nọ́ńbà náà gbà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́. Kádì kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó ń gbá ju ọmọ ẹgbẹ́ lọ lọ́jọ́ Ajé kò ní ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọ̀pá wo ni kí òun mú ló ní in. Kódà bí ẹnì kan bá dá owó náà jọ fún un, ìwé yẹn ṣì dúró bí ògiri.

Èyí ló yà mí lẹ́nu jù lọ, torí ìlú yìí gan-an ni àwọn tálákà ti gbé gọ́ọ̀fù ga. Old Tom Morris, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ihò kejìdínlógún, ọmọ ahunṣọ ni. Iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ṣíṣe ló kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Allan Robertson. Ó gba Open lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì tọ́jú koríko Old Course fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a bá jí ọkùnrin yẹn dìde, tí a ní kí ó wá san owó àlejò láti inú owó ahunṣọ, èmi rò pé yóò jókòó sórí òkúta lẹ́nu ọ̀nà ni.

Àwọn kan á sọ pé ohun tó rọjú wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Pápá méje ni àjọ náà ní, iye tí wọ́n ń gbà lórí wọn sì yàtọ̀ síra. Balgove, tó ní ihò mẹ́sàn-án, wà fún àwọn ọmọdé àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ilẹ̀ gbágun-gbàgun kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Himalayas, tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1867 ń bójú tó, níbi tí tọmọdé tàgbà ti lè ti bọ́ọ̀lù sí ihò ní owó tí kò tó £10. Mo sọ ti Himalayas fún àbúrò màmá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ṣé kí àwọn wọ bàálù kọjá òkun, kí àwọn wá lọ máa fi ọ̀pá ti bọ́ọ̀lù bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Wọ́n kò fi ṣe ẹ̀gàn o. Ẹni tó mọ ìwé orin kan sórí ni wọ́n ní kí ó wá kọ ìlà àkọ́kọ́ nìkan.

Ní báyìí, kí ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe? N kò ní kí wọ́n sọ owó náà di £50 fún gbogbo ayé. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn olówó náà ni yóò kọ́kọ́ jàǹfààní, ọmọ ìlú á sì wá san àfikún. Ohun tí mo fẹ́ kéré. Eré tí wọ́n ń gbá lórí Old Course lọ́dún kan lé ní 40,000. Kí wọ́n ya ààyè mẹ́rin sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ kan, ní ìgbà tí ojú ọjọ́ dára, fún ọ̀sẹ̀ 26, fún àwọn kádì àti àwọn tó ń gé koríko ní pápá gọ́ọ̀fù ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò lágbára. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san £40. Ààyè 104 nìyẹn. Bí a bá fi iye ọdún 2025 ṣírò, ohun tí àjọ náà yóò pàdánù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ £300, àpapọ̀ rẹ̀ £31,200. Iye yẹn kò tó owó tí àlejò 92 ń san ní ọdún náà. Nínú eré tó ju 40,000 lọ!

Mo mọ̀ pé físà ṣì wà, ọkọ̀ òfuurufú ṣì wà, St Andrews kò sì lè ṣe nǹkan kan nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀bù tí kádì ń ṣiṣẹ́ fún lè dá owó ọkọ̀ jọ, bí ó bá ti dá wọn lójú pé ààyè wà. Ìgbà tí kò sí ààyè ni kò sẹ́ni tó ń dá owó.

Kí wọ́n má sì béèrè ìwé handicap ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́tà láti kílọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gbé àpò tó, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì fọwọ́ sí i pé àwọn bá a gbá ihò 18 lójú ara àwọn, kí wọ́n sì kọ iye tí ó gbá síbẹ̀. Kí wọ́n kọ iye tí àwọn fúnra wọn gbá lọ́jọ́ náà sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.